Ajá Tó Bá Dáhùn Orúkọ Rẹ̀

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi,

Mo rí aṣọ fèrèsé rẹ nígbà tó mì. Má wulẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ni, nítorí ewé kan ò mì ní gbogbo Ìgbẹmọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo kanlẹ̀kùn, mo pè ọ́, o dákẹ́. Mo gbé iṣu àti ẹran gbígbẹ tí ìyá rẹ dì fún ọ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo kó ajá mi, mo sì padà sínú lọ́rì. Ó dùn mí. Mo ti di àgbàlagbà tí kì í sọ pé nǹkan dun òun, ṣùgbọ́n èyí dùn mí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohun mìíràn.

Bí o bá ti mọ ìyẹn, mọ èyí náà pé n kò kọ̀wé wá tọrọ àforíjì. O kọ lẹ́tà sí mi pé kí n jọ̀wọ́ má kó ajá ọdẹ mi wá sí Ìgbẹmọ. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì kó wọn wá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, n ó tún kó wọn wá. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà gígùn yìí ni pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, o sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ rí. Èmi ni bàbá rẹ. Ó yẹ kí o gbọ́ tẹnu mi kí ẹ̀kọ́ yẹn tó mọ́ ọ lára.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù.

O rántí ìgbà tí bàbá ọkọ rẹ, tí gbogbo Òkè-Ìlá ń pè ní Bàbá Aláṣọ, kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, koríko ló sì ṣì wà lórí ilé tiwa nígbà náà. Wọ́n fi páànù tuntun bolé, ó ń tàn yanran débi pé èèyàn ò lè wò ó lọ́sàn-án gangan. Ìyẹn ò kàn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, gbogbo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù náà, ara ògiri wa ló ń dà sí. Apá kan ògiri àgbàlá wa wó lulẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Aláṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí wọn, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní: "Ṣé èmi ni mò ń rọ òjò ni?"

Èsì yẹn ni mo gbé délé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni abo ajá mi bímọ. Mo mú akọ pupa kan nínú wọn, mo sọ ọ́ ní Kòtóyangàn. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá lè sọ sójú aládùúgbò rẹ, o fi sọ ajá lórúkọ, o wá ń pe ajá náà tàárọ̀-tọ̀sán. "Kòtóyangàn, wá jẹun! Kòtóyangàn, kúrò nídìí ògiri!" Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tí páànù rẹ̀ kò tó yangàn. Bàbá Aláṣọ náà mọ̀.

N kò kábàámọ̀ orúkọ náà o. Títí di òní olónìí, páànù yẹn ò tó yangàn. Ó ti ń dípẹtà létí. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ṣì wà níwájú.

Ìwọ àti Dáníẹ́lì ọmọ wọn wá rí ara yín níbi ìdánrawò akọrin. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kó ara wọn wá tọrọ ọ, mo sì gbà, nítorí ọmọ dáadáa ni Dáníẹ́lì. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Aláṣọ ti di àna mi. Ta ló máa dúró nínú àgbàlá rẹ̀ tí yóò máa fi ajá bú àna? Mo pa ẹnu mọ́. Mo gbìyànjú láti pààrọ̀ orúkọ ajá náà. Mo pè é ní Ìrẹ́pọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo fun fèrè ọdẹ fún un, kò sún kẹ́rẹ́, nítorí ẹnu ni mo fi tọ́ ọ láti kékeré, n kò fi fèrè tọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí oko wa lọ́nà Ìwòróko. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rí i.

Ó ní: "Bàbá Ọmọ́wùmí, ajá ulé yín mà ń lọ o. Ẹ pè é."

Mo ní: "Kí n pè é ní kí ni?"

"Ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́."

"Létí àna?"

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, o mọ ẹ̀rín rẹ̀ yẹn. Ó ní: "Nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ lórúkọ, ṣé ẹ kò mọ̀ pé ọmọ yín ní ojú tó lè rí ọmọ wọn ni?"

N kò pè é. Ó lọ, kò sì padà mọ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó yẹ kí a bi ọdẹ náà léèrè bóyá ó fun fèrè tí ajá mọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní nìyí, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ, máa pè é lórúkọ, àní bí orúkọ náà bá ti di ohun ìtìjú. Bí Dáníẹ́lì bá sì ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ fún un nínú yàrá yín, kí ẹ sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Má ṣe fi ẹ̀sùn rẹ̀ dá orin láàárín àwọn obìnrin ilé, má sì fi sọ ajá. Ìjà yóò tán lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí o ti fi sílẹ̀ kò sì ní bá a tán.

Ó wá ku ti àwọn ajá Ìgbẹmọ. Lẹ́tà rẹ ló sọ ọ́ fún mi. O ní wọ́n ń ti igbó ẹ̀yìn oko ìrẹsì jáde, wọ́n ń pa ewúrẹ́ kiri. Wọ́n ti pa ewúrẹ́ olómú Ìyá Àrẹ̀mú, opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ, wọ́n sì lé obìnrin kan tó pọnmọ láti odò títí ó fi sọ ìkòkò nù. O ní èyí tó ń ṣíwájú wọn pupa, etí rẹ̀ òsì sì ya. Nígbà tí mo ka etí yẹn, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀. Ọ̀yà ló fà á ya, lójú mi, níbi tí ajá náà ti kọ́kọ́ pa ẹran. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí o fi bẹ̀ mí pé kí n má wá. O ní ìgbìmọ̀ ìjọ, tí ọkọ rẹ ń bá wọn kọ̀wé, ti pinnu láti fi májèlé sínú ẹran. O ní yóò parí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní pariwo orúkọ kankan, ojú ò sì ní tì ọ́ níwájú àwọn àna rẹ.

Mo mọ irú ajá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà inú wọn, igbó kọ́ ló bí wọn. Ẹnì kan fi ọ̀kan sílẹ̀ lábà lẹ́yìn ìkórè. Ẹnì kan kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó kó àga, ó kó ìkòkò, àyè ò gba ajá nínú lọ́rì. Ẹnì kan ní tòun ń jẹ ẹyin adìẹ, ó fi òkò lé e jáde. Ẹnì kan sọ ajá ní Kòtóyangàn. Gbogbo wọn wá pàdé nínú igbó, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì mọ ilé wa ju ẹkùn lọ. Wọ́n mọ ibi tí a ń so ewúrẹ́ mọ́, ohùn èèyàn ò sì dẹ́rù bà wọ́n, nítorí ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bó ṣe rí fún ọmọ ló rí fún ajá.

N kò sọ pé kí a má pa wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó wá lọ sọ ọ́ fún Ìyá Àrẹ̀mú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà wà tí a fi ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, má sì jẹ́ kí ó rò pé mo fojú di í. Ó ní bí a bá tú ajá sí ajá lójú àwọn ọmọdé, wọn yóò kọ́ láti máa gbádùn ẹ̀jẹ̀. Mo gba ìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ nílé ìwé jáde títí a ó fi parí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé kì í béèrè orúkọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n fi irú ẹran bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lábà kan nítòsí tiwa. Ajá igbó jẹ ẹ́, ajá ilé jẹ ẹ́, adìẹ ṣa èébì wọn jẹ. Wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi mú, ẹni tó fi ẹran náà sílẹ̀ sì wà nílé rẹ̀ tó ń jẹun. Ìyẹn ni mo kọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá máa pa nǹkan, jẹ́ kí ojú rẹ rí i. Bí ojú rẹ ò bá gbà á, bóyá kò yẹ kí ọwọ́ rẹ ṣe é rárá.

Èmi náà ti rán ajá níṣẹ́ tí n kò lè bá a jẹ́ rí. Mo ṣì jẹ́ géńdé nígbà náà, ajá bàbá mi sì ni. Mo rí ihò kan tí ẹnu rẹ̀ ń dán, n kò sì fẹ́ gbà pé ejò ló ń gbé ibẹ̀, nítorí òkété ni ọkàn mi ń fẹ́. Mò ń tì í, mò ń ké sí i, ajá náà ń wo ojú mi. Nígbà tó rí i pé n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà, ó wọlé, nítorí ó fọkàn tán mi. Ó jáde wá kú sẹ́sẹ̀ mi. Bàbá mi ò nà mí. Wọ́n kàn ní kí n gbé e, kí n sì máa gbé e lọ títí a ó fi délé. Láti ọjọ́ náà, ibi tí èmi fúnra mi ò bá ní tọ ajá dé, n kì í rán an lọ síbẹ̀.

O tún kọ pé àwọn kan nínú ìjọ ní iṣẹ́ Ògún ni mo ń bọ̀ wá ṣe. Kí wọ́n wá wo orúkọ mi nínú ìwé ìrìbọmi. Kí n tó tú ajá sílẹ̀, mo ṣí fìlà, mo sì gbàdúrà lójú gbogbo èèyàn, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbádùn ohun tí a fẹ́ ṣe. Olùṣọ́ àgùntàn tó bá ń bẹ̀rù kùmọ̀ ara rẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìdáhùn mi lórí ìyẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ tó wà ní títì.

Àṣà kan wà tí bàbá mi bá lọ́wọ́ bàbá tiwọn, tí èmi náà bá lọ́wọ́ wọn. Kí a tó tú ajá ọdẹ sí ajá tó ti sá wọ igbó, akéde á kọ́kọ́ polongo yí ìlú ká. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá sọnù á wá sí etí igbó láàárọ̀, á pe ajá rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dúró. Ìdúró yẹn ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó pè tó sì yí ẹ̀yìn padà, kò pe nǹkan kan. Ajá tó bá dáhùn orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ajá igbó. Á bá olówó rẹ̀ lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá dáhùn, tàbí tí olówó rẹ̀ bá kọ̀ láti wá, á di ti ọdẹ. Mo sọ òfin yìí fún àwọn àgbà Ìgbẹmọ kí oòrùn tó yọ, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì rán akéde jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti wọ ilé àna mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní: "Àna, mo fẹ́ lọ pariwo orúkọ kan nílùú tí ọmọ yín ti ń ṣe tíṣà. Ẹ mọ orúkọ náà."

Wọ́n ní: "Ìgbà wo ni lọ́rì ń lọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe jọ wá. O kò mọ ìyẹn, àbí? O rò pé èmi àti àwọn ọdẹ méjì nìkan ló wá; inú lọ́rì ni àna mi jókòó sí nígbà tí mo kanlẹ̀kùn rẹ.

Àwọn èèyàn pe ajá wọn. Bàbá kan pe Tálóbiọ́, igbó ò fèsì. Obìnrin oníyọ̀ kan pe tirẹ̀, ajá náà sì jáde, abo tó gbẹ kangẹ, tó ń fi ikùn wọ́lẹ̀ bọ̀. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń bú u. Àwọn kan dúró lókèèrè, wọn ò wá pe ohunkóhun, nítorí ẹni tó bá pe ajá ti jẹ́wọ́ pé òun lòun ni ajá tó ń pa ewúrẹ́. Mo rí ọkùnrin kan láàárín wọn tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí a gbé òkú ajá kan kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó kàn mí. Mo pe Kòtóyangàn lẹ́ẹ̀kíní, ohùn mi jáde bí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo pariwo. Igbó dákẹ́. Láti ọjọ́ ìtọrọ rẹ ni ajá yẹn kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi mọ́. Mo dúró.

Àna mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ jẹ́ kí n pe ẹ̀kẹta."

Mo ní: "Àna, ẹ̀yin ni mo fi orúkọ náà bú."

"Bó bá jẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n lò ó."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ohùn tí wọ́n fi ń polówó aṣọ ní Ọjà Ọba sì jáde: "Kòtóyangàn! Kòtóyangàn o! Wá gba eegun rẹ!"

Ohùn tí o gbọ́ nínú ilé nìyẹn, Ọmọ́wùmí. O ti rò pé bàbá rẹ ló ń bú bàbá ọkọ rẹ lójú ìlú. Bàbá ọkọ rẹ fúnra wọn ni.

Koríko mì. Ajá pupa náà jáde, ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn láyà. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ àna mi.

Mo ní: "Ìgbà wo lẹ ti ń fún un ní eegun?"

"Láti kékeré rẹ̀ ni. Ibi tí ògiri yín ti wó, ibẹ̀ ni mo ń gbà jù ú sí i."

"Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń bú yín?"

Wọ́n dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bú mi. Ajá ò bú mi rí."

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo lè fún ìyàwó tuntun, n kò ní èyí tó dára tó ohun tí bàbá ọkọ rẹ ṣe látorí ògiri yẹn, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Tọ́jú wọn dáadáa.

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ́ sílẹ̀. Ìyá Àrẹ̀mú já síwájú, ó di etí aṣọ mi mú. "Ajá ulé rẹ ló pa ewúrẹ́ mi, ùwọ náà ló tún ń ṣe adájọ́! Pa á!" Àwọn ọ̀dọ́ gbé kùmọ̀. Mo dúró, ajá náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ní òfin tí a ṣe kí oòrùn tó yọ, n kò ní yí i padà nígbà tí oòrùn ti yọ tán. Mo ní bó bá jẹ́ pé tèmi kò dáhùn ni, n ó tú ajá sí i lójú wọn, n kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Wọ́n bú mi. Wọ́n ní ojúsàájú ni. Wọ́n ní ará Adó mọ ẹjọ́ rò. N kò kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n opó náà jàre, èyí sì jẹ́ òtítọ́ lọ́tọ̀. Mo ti fi abo ewúrẹ́ wa tó lóyún rán dírẹ́bà lọ́rì sí i. Kò dúpẹ́, kò sì yẹ kó dúpẹ́. Bí o bá rí ewúrẹ́ náà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ, bá ìyá náà já ewé fún un.

Lẹ́yìn náà la tú ajá. Ìwọ fẹ́ kí n sọ pé inú mi bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ kí n sọ pé ó dùn. Iṣẹ́ ni. Másùn àti Akíkanjú, ajá ọdẹ mi méjèèjì, yára, ọrùn ni wọ́n ń gbá mú, èmi àti àwọn ọdẹ méjì tó bá mi wá sì ń sáré tọ̀ wọ́n kí a lè fi kùmọ̀ parí rẹ̀ kíákíá, kí ìrora má bàa pẹ́. Mo ṣubú, orúnkún mi ṣì wú títí di ìsinsìnyí. Nígbà tó parí, Másùn wá jókòó tì mí. Kò mi ìrù bó ṣe máa ń ṣe bó bá pa ọ̀yà. Mo mọ ohun tó ń bi mí. O kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ pé ajá kì í jẹ ajá. Òótọ́ ni, kò sì sí àlàyé tèmi tó lè pa á rẹ́.

Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Ọdẹ kì í pa ẹran kó má fún ajá ní ìpín tirẹ̀, èyí sì jẹ́ ẹran tí kò ní ìpín nínú. Mo ti mú ọ̀yà gbígbẹ láti ilé, mo gé e fún wọn, mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kó òkú àwọn ajá náà lọ tà fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀. Wọ́n kùn. Mo tún un sọ. Bí a bá fi rí èrè lónìí, lọ́la a ó máa wo ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀, a ó sì máa pè é ní ajá igbó. Fi èyí sọ́kàn nínú ohun gbogbo. Iṣẹ́ tó burú tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ wà; ṣe é, kí o má sì gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀.

Kòtóyangàn wà nílé. Ó wà lórí okùn, bó bá sì tún fẹnu kan ewúrẹ́, èmi ni n ó pa á, ọwọ́ ara mi ni n ó fi pa á, kì í ṣe Másùn, kì í sì í ṣe májèlé. Mo ti sọ ọ́ fún àna mi, wọ́n sì gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ni wọ́n ń pè é láti àgbàlá wọn, wọ́n ń fi gbogbo ohùn pè é, gbogbo Òkè-Ìlá sì ń rẹ́rìn-ín. Lánàá, àwa méjèèjì gbẹ́ ojú àgbàrá sábẹ́ páànù náà. Mo tún sọ ọ́ sójú wọn pé kò tó yangàn. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ìmọ̀ràn tó kù kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìgbẹmọ bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, má wolẹ̀. Sọ pé ọmọ ọdẹ tó fi ajá pa ajá ni ọ́, kí o sì wò wọ́n lójú títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ojú mi bá sì ń tì ọ́ síbẹ̀, wá sọ ọ́ fún mi nínú ilé yìí, kí n gbọ́ ọ. N ó bá ọ jà, ìyá rẹ yóò sì gbé oúnjẹ wá kí ìjà náà tó tán. Ohun tí n kò lè fara dà ni ilẹ̀kùn títì.

N kò fi ọ́ wé ajá o. Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ pé mo kọ irú èyí. Ṣùgbọ́n nípa ohun tó jẹ́ tẹni tó sì ti sá pamọ́, òfin kan ṣoṣo ni mo mọ̀.

Ọmọ́wùmí.

Ọmọ́wùmí Àbẹ̀kẹ́.

Ọmọ́wùmí, ọmọ ọdẹ.

Mo dúró.

Bàbá rẹ,
Ọdẹ́wálé.